Mo Yọ Wáyà Pupa Kúrò, Àmọ́ N Ò Jókòó

Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi ò bá tò dáadáa. Orí fóònù ni mo ti ń tẹ èyí. Mo tẹ̀ ẹ́, mo pa á rẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá ní kí n dúró dìgbà tí ara mi bá balẹ̀, ojú á tì mí, n ò sì ní í sọ ọ́ mọ́.

Òní yìí náà ló ṣẹlẹ̀. Òógùn tí mo fi sáré dé ilé ò tíì gbẹ lára ṣẹ́ẹ̀tì mi.

Kánjú ni gbogbo èèyàn ń pè mí, ẹ̀yin náà ẹ pè mí bẹ́ẹ̀. N ò parí ìwé. Nígbà tí mo kúrò nílé ìwé, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà mí sọ́dọ̀, ọkọ àǹtí mi ló ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n fún mi ní yàrá ẹ̀yìn. Iṣẹ́ iná ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń fa wáyà sínú ilé tuntun, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Bọ̀dá Oníwáyà.

Àmọ́ tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n fọwọ́ tán, ìdí géèmù ni wọ́n máa ń lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń gbá a o. Wọ́n ń ṣe é.

Géèmù àtijọ́ kan wà tí gbogbo wa gbá dàgbà lórí fóònù, Aṣọ́lé ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin kan ló gbé àtùpà dání, ó ń ṣọ́ ilé ńlá kan, nǹkan kan sì ń rìn lẹ́yìn ẹ̀ tí kò lè rí àfi tó bá yíjú lójijì. Àwọn tó ṣe é ti pa á tì tipẹ́. Àwa tá a fẹ́ràn ẹ̀ ò pa á tì. Káàkiri ni àwọn èèyàn ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe tiwọn: ẹnì kan á kọ́ ilé mìíràn fún aṣọ́lé yẹn, ẹlòmíì á fún un níyàwó kó lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Òfin àwọn tó ń ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀ ò pọ̀. O ò gbọdọ̀ tà á, torí ẹ̀yìn nǹkan onínǹkan lo gùn. Tó bá sì parí, gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ ṣíbí kan péré ló yà síbẹ̀, orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde lójú ẹ̀rọ níparí. Ẹni tó bá yọ orúkọ ẹlòmíì kúrò, kò sẹ́ni tó ń bá a ṣe mọ́. Wọ́n á ní ó jí ọmọ ọlọ́mọ gbé, ó tún sọ ọ́ lórúkọ.

Bọ̀dá ló kọ́ mi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi ni ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n ṣe ilẹ̀kùn kan tó ń ṣí, tó ń tì, tó ní irin ìdábùú lẹ́yìn.

Ẹ wá wo wàhálà. Ilẹ̀kùn mi àkọ́kọ́, tó bá ti ṣí, inú ògiri ló ń wọ̀. Èkejì ń ṣí sókè bí ìdérí ìkòkò. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di orúnkún mú. Wọ́n ní, "Kánjú, ilẹ̀kùn yìí ò gbẹ̀kọ́ ilé."

Ọjọ́ tó wá ṣí wéré, tó tì wéré, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń jó. Ìró irin ìdábùú yàrá mi gan-an ni Bọ̀dá fi fóònù gbà sílẹ̀, tí wọ́n fi sí i. Gbàù. Bẹ́ẹ̀ ló ń dún.

Àwọn ló ṣe ìyókù ilé náà. Ìyókù yẹn ló máa ń bí mi nínú.

Ẹ gbọ́ o, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n jókòó tì bí adìyẹ tó ń sàba. Àjà ibẹ̀ ń jò, wọ́n wá gbé korobá sábẹ́ ẹ̀. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, omi á máa kán sínú korobá, bí korobá sì ṣe ń kún ni ìró ẹ̀ ń yí padà. Gílóòbù ibẹ̀ á ṣẹ́jú, bí ẹni pé ará ilé kejì ló ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ṣì wà lára ògiri. Àga onígi kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú, wọ́n ká páálí sábẹ́ ẹ̀ kó má baà máa mì. Lára gbogbo ògiri ilé náà, wọ́n fi wáyà pupa tín-ín-rín kan kọ́ síbẹ̀, tó ká bí ìkarahun ìgbín. Àmì tiwọn nìyẹn.

Mo bi wọ́n pé ta ló máa ráyè wo páálí abẹ́ àga nígbà tí nǹkan ń lé e.

Wọ́n ní, "Ẹni tó bá jókòó á rí i."

Mo ní nínú géèmù tí wọ́n ń sá, ta ló ń jókòó? Wọ́n kàn wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ fi ẹ̀rín yẹn sọ́kàn. Òun ni kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, kí ẹ má baà rò pé ọmọ dáadáa ni mí. Àkàbà ti ju Bọ̀dá sílẹ̀ rí, orúnkún wọn kan ò padà bọ̀ sípò. Àǹtí mi ò ní àdúrà méjì ju pé kí ọkọ àwọn rí iṣẹ́ tí kò ní í máa gun nǹkan. Mo mọ̀ ọ́n. Ojú mi báyìí ni Àǹtí ṣe máa ń fi omi gbígbóná jó orúnkún náà.

Bọ̀dá wá rí iṣẹ́ ilé alájà kan nílùú mìíràn, wọ́n ní ó máa pẹ́ díẹ̀. Wọ́n fi láàpútọ́ọ̀pù sílẹ̀ fún mi kí n máa fi kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní géèmù náà ò tíì tán, kí n má fi han ẹnikẹ́ni. Fídíò kékeré kan nìkan la ti gbé síta, èyí tó fi yàrá olójò yẹn hàn. A ò kọ orúkọ sí i. Èmi àti Bọ̀dá la jọ mọ bí a ṣe ń wọ ojú ewé tí a gbé e sí.

Wọn ò tíì pẹ́ lọ tí obìnrin kan kọ̀wé ránṣẹ́ síbẹ̀. Ó ní òun ni ọ̀gá níléeṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù. Ó ní korobá yẹn ń kán nínú orí òun títí di ìsinsìnyí. Ó ní àwọn ń wá ẹni tuntun tó lójú inú, àwọn á gbà á síṣẹ́, àwọn á kọ́ ọ ní ìyókù. Ó wá béèrè pé ta ló ṣe é.

Mo kà á. Mo dìde. Mo yí yàrá po. Mo tún kà á.

Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi rojọ́. Ṣebí èmi náà ṣe ilẹ̀kùn. Ṣebí Bọ̀dá níṣẹ́ lọ́wọ́, èmi ò ní. Ṣebí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n lè ṣe òmíràn. Ẹ wò ó, ohun tí èṣù máa ń ní kéèyàn sọ kì í gùn. Ọ̀rọ̀ kúkurú báyìí ni.

Mo kọ ọ́ pé, èmi ni.

Màdámù yẹn ní kí n gbé géèmù náà síta káwọn èèyàn gbá a, lẹ́yìn náà kí n wá bá àwọn lọ́fíìsì. Mo lọ síparí géèmù, mo pa orúkọ Oníwáyà rẹ́, mo fi orúkọ àbísọ tèmi síbẹ̀. Mo wá ń ti yàrá bọ́ sí yàrá, mo ń yọ wáyà pupa. Ibi tí mo bá ti yọ ọ́, ògiri á rí bí ẹnu tí eyín ti ká.

Mo gbé e síta.

Àwọn èèyàn gbá a, wọ́n yìn ín. Inú mi kọ́kọ́ dùn, n ò tan yín. Àmọ́ kò sẹ́ni tó dárúkọ ilẹ̀kùn. Korobá ni wọ́n ń sọ. Páálí abẹ́ àga ni wọ́n ń sọ. Ìyá ọmọ kan ní ìró òjò yẹn lòun fi ń rẹ ọmọ òun sùn. Wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ni mo fi sára ògiri. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní kí wọ́n máa rò ó.

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan wá kọ ọ́ pé, "Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó. Mo gbọ́ ọ. O ṣeun gan-an ni."

Ẹlòmíì fèsì sábẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n má sọ fún àwọn tí ò tíì gbọ́ o.

Gbọ́ kí ni?

N ò lè bi wọ́n. Ẹni tó kọ́lé kì í béèrè ohun tó wà nínú yàrá. Mo ṣí géèmù, mo wọ yàrá olójò yẹn, mo ti ilẹ̀kùn, mo mú aṣọ́lé jókòó sórí àga. Òjò ń rọ̀. Korobá ń kán. Mo dúró, mo dúró, kò sí nǹkan kan, mo bá mú un dìde kó lọ wo ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Mo tún ṣe é. Mo tún dìde. Orúkọ mi kúkú ni Kánjú.

Mo wá lọ tú ibi tí Bọ̀dá kọ àṣẹ gbogbo nǹkan sí. Ohun tí mo mọ̀ níbẹ̀ ò tó nǹkan. Mo rí ọ̀wọ́ àṣẹ kan tí n ò mọ ohun tó wà fún, mo pa á rẹ́. Ilẹ̀kùn mi bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ògiri. Mo yáa dá a padà kíákíá.

Ẹ̀rín Bọ̀dá wá padà wá sọ́kàn mi. Mo ní, àṣé. Àṣé àwọn àgbà ti mọ ohun tí màá ṣe. Wọ́n ti dẹ pàkúté sínú ilé náà kí wọ́n tó lọ, ọ̀nà àti fi mí ṣẹ̀sín ni wọ́n ń wá.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń fura sí gbogbo èèyàn. Tí Àǹtí bá ń bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí mo bá wọlé, ohùn wọn á wálẹ̀. Tí mo bá jáde, màá gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá gbóúnjẹ fún mi, màá wo ojú wọn kí n tó wo abọ́. Wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí mo fi ń jẹun bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá mú. Mo ní iṣẹ́ ló rẹ̀ mí. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ wo?"

Ẹnì kan tó fi orúkọ pa mọ́ wá kọ ọ́ sábẹ́ géèmù náà pé: nínú fídíò, wáyà pupa wà lára ògiri, níbo ló wọlẹ̀ sí? Mo pa á rẹ́. Nígbà tí mo fi máa padà wò ó, ó ti tún kọ ọ́. Mo tún pa á rẹ́. Mo ń rò ó pé Bọ̀dá ni, àbí Àǹtí, àbí ọ̀gbẹ́ni tó ń pààrọ̀ ojú fóònù níwájú ilé wa, tó máa ń kí mi jù.

Ẹ ò ní í gbà pé mo ṣì lọ sí ọ́fíìsì yẹn lónìí. Ojúkòkòrò kì í jẹ́ kéèyàn rí kòtò.

Yàrá gbọọrọ kan ni. Tábìlì kan, ojú ẹ̀rọ ńlá lára ògiri, àwọn mẹ́ta kan tí wọ́n jókòó. Màdámù gbé awò ojú sórí irun, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n bi mí pé kí ni kí àwọn máa pè mí. Mo ní Kánjú.

Mo rí i pé wọ́n wo ara wọn. Mo ní kò sí nǹkan kan, ojú lásán ni.

Màdámù ní, "Ẹ jọ̀ọ́, páálí abẹ́ àga yẹn, kí lẹ rò tí ẹ fi fi síbẹ̀?"

Mo ní ẹwà ni mo fi ṣe.

Wọ́n ní, "Páálí?" Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Màdámù ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí gbogbo wa jọ wo nǹkan kan. Wọ́n ṣí géèmù náà sójú ẹ̀rọ ńlá. Wọ́n wọ yàrá olójò, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Gbàù. Wọ́n mú aṣọ́lé jókòó, wọ́n wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Kò sẹ́ni tó mira. Òjò ń rọ̀. Korobá ń kún, ìró ẹ̀ ń wúwo sí i. Gílóòbù ṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ mi ti ń jó lábẹ́ tábìlì, ó ń ṣe mí bíi kí n na ọwọ́ kí n mú aṣọ́lé yẹn dìde. Korobá wá kún dẹ́nu, omi dákẹ́.

Nǹkan kan kan ilẹ̀kùn. Kò kàn án kíkankíkan, bí ẹni tí kò fẹ́ dẹ́rù ba ọmọdé ni.

Ohùn Bọ̀dá bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn.

"Kánjú, má dìde. Èmi Oníwáyà ni. O ṣeun tí o jókòó. Ó yá, wo àga tí o wà lórí ẹ̀, wo páálí abẹ́ ẹ̀, ṣebí ìwọ lo ká a síbẹ̀. Wo kàlẹ́ńdà tí o ń sọ lójoojúmọ́ pé o máa yọ. Yàrá ẹ nìyí, àbúrò mi. Ojoojúmọ́ lo ń sá jáde níbẹ̀, mo ní kí n bá ẹ yà á kí o lè rí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi, yàrá mi ni. Korobá mi ni. Gílóòbù mi ni. Yàrá tí mò ń sùn sí, mo wò ó lójú ẹ̀rọ títí, n ò dá a mọ̀.

Màdámù dá géèmù dúró díẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ni Oníwáyà?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, mo ní kí wọ́n bá mi fi ohùn sí i.

"Wọ́n bá ẹ fi ohùn sí i, àbí ìwọ lo bá wọn ṣe ilẹ̀kùn?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Màdámù ní, "Èmi ni mò ń bi ẹ́ ní wáyà pupa, tí o ń pa á rẹ́. Àwọn tó ń ṣe géèmù yìí mọ ara wọn. Mo béèrè ẹni tó ni wáyà yẹn, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n má ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Ó ní kí n ṣáà jẹ́ kí o jókòó gbọ́ ọ tán. Ó ṣì kù. Jókòó."

Àṣé mo ti dìde. N ò mọ̀gbà tí mo dìde.

Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Bọ̀dá ní, "Ilẹ̀kùn tí o fi ti ara ẹ mọ́lé yìí, ìwọ lo ṣe é. Ìyókù..."

N ò gbọ́ ìyókù. Mo ti sá. Àtẹ̀gùn ni o, ojú títì ni o, mo sá a. Oníkẹ̀kẹ́ kan ń bi mí pé ta ló ń lé mi, mo gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá.

Àǹtí jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé, wọ́n ń ká aṣọ. Wọn ò kí mi. Wọ́n ní, "Ọkọ mi wà lójú ọ̀nà."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé pàkúté ni wọ́n dẹ fún mi?"

Wọ́n gbé aṣọ sílẹ̀. "Pàkúté kẹ̀? Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ ṣí, tí o ń jó lẹ́yìnkùlé bí ewúrẹ́ tó já okùn, yàrá ẹ ni ọkọ mi wà, tí wọ́n ń fi fóònù gba ohùn ara wọn sílẹ̀. Èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kí o má baà wọlé. A jọ ń retí ọjọ́ tí o máa jókòó ni."

Ìdí tí ohùn wọn fi ń wálẹ̀ nìyẹn o. Ìdí tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Àǹtí ní, "Orí àkàbà ni wọ́n wà nígbà tí obìnrin yẹn pè wọ́n. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọn ò tún gùn ún mọ́."

Mo bi wọ́n pé kí ni Bọ̀dá sọ, ṣé inú ń bí wọn. Wọ́n ní Bọ̀dá kàn rẹ́rìn-ín ni. Àǹtí wá wò mí dáadáa. "Àwa la ní kí o wá, Kánjú. Tí ọkọ mi bá ní kí o máa lọ, n ò ní í lè bá ẹ bẹ̀ wọ́n. Kí ni mo fẹ́ sọ?" Wọ́n padà sídìí aṣọ wọn, àmọ́ aṣọ kan náà ni wọ́n ń ká, tí wọ́n ń tú.

N ò mọ̀ bóyá Màdámù ṣì máa gba Bọ̀dá. N ò dúró gbọ́. Bóyá ẹ̀rín ìdáríjì ni wọ́n rín, bóyá ẹ̀rín ẹni tó ti parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú mi ni, n ò mọ̀. Tí wọ́n bá lé mi, n ò níbi tí mo fẹ́ lọ, Àǹtí mi á sì wà láàárín ọkọ àti àbúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹni kan, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹni tí ẹ fẹ́ pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ yẹn, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó sínú ohun tó ṣe. Bóyá ẹ̀yin ló ń ṣe é fún.

Géètì dún. Mo gbọ́ ohùn Àǹtí tí wọ́n ń kí ọkọ wọn káàbọ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ní kọ́ríndọ̀, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́, torí orúnkún yẹn. Wọn ò yára. Fèrèsé ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti ń wò ó.

Mo ti ilẹ̀kùn. Gbàù. Mo fa àga tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú yẹn, mo tún páálí abẹ́ ẹ̀ ṣe, mo jókòó.